"Ó Tán" Kì í Ṣe "Ó Parí": Ẹnu Àgbà àti Ẹnu Ọmọdé ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bóyá ni ọ̀rọ̀ kan wà tí òwe yìí bá mu bí ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí tí kò ju sílébù kan ṣoṣo lọ: tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, kí ó dúró nítòsí ilé àgbàlagbà kan ní Arámọkọ nírọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọdé tí wọ́n rán wọ yàrá ìdáná lọ bu epo bá kígbe láti ibẹ̀ pé, "Ìyá àgbà, epo tán!" Ìyá àgbà kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ kí ó tó dá a padà: "Epo kò ní tán nílé yìí o. Wí pé ó kù kí á lọ rà sí i." Ọmọ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì. Ìròyìn ni ó rò pé òun mú wá. Lójú ìyá àgbà, èpè ni ó gbé lé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn ìlú tí iyán ti jẹ́ olórí oúnjẹ ni ìlú wọ̀nyí, yálà ènìyàn yà sí Ìjerò, tàbí Arámọkọ, tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó wà láàárín òkè tí ó sì bá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pààlà. Èyí kò ṣàìní ọwọ́ nínú bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa òpin nǹkan. Àgbẹ̀ tí ó bá kó iṣu jọ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jíjẹ. Èyí tí yóò gé ní èbù fún ọdún tí ń bọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ìyàn bá mú tí àwọn ará ilé bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo èbù lójú, àgbẹ̀ náà kò ní sọ pé iṣu òun tán. Iṣu wà nílẹ̀. Ọdún tí ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ máa jẹ. Bákan náà ni ti oúnjẹ inú àwo. Àwọn àgbà ní àjẹkù là ń mayo, wọ́n sì tún ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọmọ tí yóò fọ àwo ń retí ẹran kan tàbí òkèlè kan tí bàbá yóò ṣẹ́ kù fún un. Bí bàbá bá jẹ ẹ́ tán porogodo, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó tán, ìbọ̀wọ̀ ọmọ náà fún un tán pẹ̀lú, bí ọmọ náà kò tilẹ̀ lè wí i jáde.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí á ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí ó tán ni ohun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó parí ni ohun tí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Owó a máa tán, iṣẹ́ a máa parí. Bí ẹnì kan bá wí pé ilé òun ti parí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò máa múra ìṣílé. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé ilé òun ti tán, wọn yóò béèrè bóyá iná ni ó jó o tàbí òjò ni ó wó o. Nínú ọ̀rọ̀ parí, pa àti orí ni ó so pọ̀, bí ẹni tí ó hun agbọ̀n tí ó wá pa orí rẹ̀ dé kí ó má baà tú. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń parí ìjà. Ìjà tí wọn kò parí lè tán fúnra rẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ àwọn oníjà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sùn fi ojú méjèèjì sùn nítòsí irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì kò gbọdọ̀ jìnnà wá àpẹẹrẹ. Ogun Kírìjí, tí wọ́n fi ìró ìbọn ńlá rẹ̀ sọ lórúkọ, bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n àti Arámọkọ, ni ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ọ̀rọ̀ sì bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n bá a lọ títí agbára àti ìbọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ẹnì kan kò lè lé ẹnì kejì mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn ní kíláàsì yóò kọ ọ́ pé ogun parí ní 1886, yóò sì gba máàkì. Bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá; wọ́n ṣì ń ṣọ́ ara wọn títí di 1893 tí Gómìnà Carter fi dé láti Èkó tí ó sì tú wọn ká. Ọdún méje gbáko ni ó wà láàárín ogun tí ó parí àti ogun tí ó tán. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní ibùdó lọ́dún méje yẹn mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì ju olùkọ́ gírámà èyíkéyìí lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí ni pin, tí ó fún wa ní òpin. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ènìyàn kì í sọ pé gàrí ti pin. Ayé ni í pin, ìrètí ni í pin, ìtàn ìdílé ni í pin sí ibi kan. Bí ọmọ ilé ìwé bá kọ ọ́ pé "owó oúnjẹ mi ti dópin", kò ṣi gírámà pa, ṣùgbọ́n ó ti wọ agbádá lọ pọn omi.

Ní ti àwọn nǹkan tí kò tíì tán, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti súnmọ́ ọ, kù ni ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá kù bíńtín, ojú ṣì lè rí i. Bí ó bá ku dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú iye, ó ti di ọ̀rọ̀ àkókò: ó ku dẹ̀dẹ̀ kí òjò rọ̀, ó ku dẹ̀dẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra. Ìyanu ni ti "ó kù díẹ̀ káàtó". Ohun tí ó ń wí gan-an ni pé ó kù díẹ̀ kí nǹkan tó iye tí a ń fẹ́, síbẹ̀ lónìí kò sí ẹni tí ó ń fi wọn nǹkan mọ́. Ìwà ni wọ́n ń fi wọ̀n. Bí àgbà bá ní ìwà ọmọ kan kù díẹ̀ káàtó, kí ọmọ náà má ṣe rò pé díẹ̀ ni ó kù lóòótọ́. Ó kù púpọ̀, ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí bàbá wí i. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó dúró sí ẹnu ààlà, èyí ni bùṣe. Ẹlòmíràn ń lò ó fún iṣẹ́ tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ẹlòmíràn sì ń lò ó fún èyí tí ó ti parí. Bí wọ́n bá wá wí pé "ó bùṣe gàdà", kò sí iyèméjì mọ́: wọ́n ti gbọn eruku iṣẹ́ náà nù lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lo kù bí agbèrò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Adó lọ sí Iléṣà, tí ó gba Arámọkọ kọjá, ti gbọ́ ọ: "Ó ku ẹnì kan!" Èrò mẹ́ta ni ó wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá, ó sì ku ẹnì kan. Ó di mẹ́fà, ó ṣì ku ẹnì kan. Àlejò lè pè é ní irọ́. Àwọn tí ó mọ ibùdókọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe iye èrò ni agbèrò ń kéde. Ìrètí ni ó ń tà, gbogbo ẹni tí ó bá sì wọlé ni ẹnì kan náà tí wọ́n ti ń retí. Bí ẹnì kan bá ń wá ibi tí àṣà Yorùbá ti ń fi èdè sún òpin nǹkan síwájú sẹ́yìn bí ó ṣe wù ú, ibùdókọ̀ ni kí ó lọ.

Láàárín àwọn àkànlò èdè tí ó ń wí pé nǹkan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè láìmọ ohun tí wọ́n ń wí. Èyí ni "ẹ̀pa ò bóró mọ́". Àwọn ọmọ ilé ìwé, àti àwọn olùkọ́ díẹ̀ pẹ̀lú, gbà pé ẹ̀pà jíjẹ ni, wọ́n sì ti wá ìtàn sí i lẹ́yìn: pé ẹ̀pà gbẹ nínú èèpo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn tí ó ń pa oró májèlé ni ẹ̀pa. Oró sì ni májèlé náà. Bí oró bá ti wọ ara lọ jìnnà, ẹ̀pa kò lè bá a mọ́, kò lè lé e bá. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ẹ̀pa sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀pà, òun náà ni ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn di ọ̀rọ̀ ìpápánu. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní lò ó fún bọ́ọ̀sì tí ó lọ láìdúró dè é. Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wà tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó pẹ́ kí ó tó dé ni ààyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni "omi tán lẹ́yìn ẹja", níbi tí ó jẹ́ pé ẹja wà láàyè, ojú rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Ohun tí ó gbé e ró ni kò sí mọ́. Àwọn méjì yìí kì í ṣe ọ̀kan. Aláìsàn tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ fi ipò sílẹ̀, omi tán lẹ́yìn ẹja.

"Ó forí ṣánpọ́n", "ó já sí pàbó", "ó fìdí rẹmi", "ó dẹnu kọlẹ̀": àwọn wọ̀nyí ni àwọn oníròyìn orí rédíò àti inú ìwé ìròyìn ti lò títí wọ́n fi gbó. Lẹ́nu olóṣèlú ni wọ́n ti ń pọ̀ jù. Èkìtì sì jẹ́ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn máa ṣọ́ra lò wọ́n. Ní 2006 ni wọ́n yọ Ayọ̀délé Fáyóṣe nípò gómìnà, ọ̀pọ̀ sì wí pé ó ti tán. Ní 2014 ó fìdí Káyọ̀dé Fáyẹmí janlẹ̀, ó sì padà wọlé. Nígbà náà ni wọ́n wí pé Fáyẹmí ni ó tán wàyí. Ní 2018 òun náà padà dé. Àwọn tí ó ń pa owe pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́ kò ní láti dúró di ogún ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òpin ti nípọn jù lọ ni ibi ikú, níbẹ̀ ni ẹnu ọmọdé sì ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ. Àgbà kì í kú, ó papò dà. Ó rèwàlẹ̀ àsà. Ó dágbére fáyé. Ó tẹ́rí gbaṣọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwòrán tirẹ̀: ọ̀kan gbé òkú náà rìn, ọ̀kan jẹ́ kí ó kí wa kí ó tó lọ, ọ̀kan fi aṣọ bò ó. Àwọn Kristẹni pẹ̀lú mú tiwọn wá. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ibojì Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, ẹni tí ó lọ ní 1959, lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kò sì sí kú níbẹ̀ bí kò ṣe pé ó sùn nínú Olúwa. Àwọn kan náà tún wà tí ó jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó bá gba èkuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra, tàbí tí ó ta téru nípàá, ti kú bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ròyìn rẹ̀ kò sunkún. Wọ́n dùn lẹ́nu, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn wọn. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ tí ó kọ́ wọn nínú eré orí tẹlifíṣàn kò mọ̀ pé ọ̀tá tàbí ẹni ẹ̀yẹ́ nìkan ni wọ́n ń lò wọ́n fún. Bí ó bá lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí, tí ó sì béèrè ìgbà tí bàbá ta téru nípàá, kì yóò mọ ohun tí ó fa ìgbájú.

Ti ọba tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Ajerò, Alárá, Aláayè, gbogbo wọn ni òfin yìí bá wí. Kì í ṣe pé wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà nìkan. Ẹni tí ó lè wí i àti ìgbà tí ó lè wí i ní ètò tirẹ̀. Títí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yóò fi ṣe ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, ọba wà lórí ìtẹ́. Tẹlifóònù ti kó òfin yìí sínú ìṣòro. Nígbà tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé wàjà ní London ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 2015, kò ju ọjọ́ kan lọ tí ìròyìn fi gba gbogbo ayé kan. Àwọn ìjòyè Ifẹ̀ jáde, wọ́n ní ara Kábíyèsí le. Ó di oṣù Kẹjọ kí ààfin tó kéde. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín nígbà náà pé wọ́n ń parọ́. Ẹ̀sùn yẹn kò tọ́. Àwọn ìjòyè kò sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí inú ara. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ipò kan tí kò tíì ṣófo. Ní èdè tí wọ́n jogún, ọba lè ti tán kí ó má tíì parí.

Àwọn ọmọ Arámọkọ àti Ìjerò kò yẹ kí ó kọminú sí èyí, nítorí orúkọ àwọn ọba wọn wà nínú ìtàn kan tí ó ṣe àlàyé rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Nínú odù Ìwòrì Méjì, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kó o jọ láti ẹnu àwọn babaláwo, Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ. Alárá ni àkọ́bí, Ajerò ni ó tẹ̀ lé e. Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn, ni ó kọ̀ láti kí bàbá rẹ̀ bí ó ti yẹ, nítorí ó ní òun náà dé adé bí ó ti dé adé. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó sì kúrò láyé lọ sọ́run. Nígbà tí ó lọ, nǹkan dàrú. Òjò kò rọ̀, odò gbẹ táútáú, aboyún kò bí, àgàn kò rí ọmọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wá sílé. Kò padà. Ìkin mẹ́rìndínlógún ni ó fún wọn, ó ní òun ni kí wọ́n máa bi léèrè ohunkóhun tí wọ́n bá ń fẹ́. Kí ni ènìyàn yóò sọ pé ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Kò kú. Kò tán. Ó lọ, ohun kan sì kù. Ẹsẹ̀ Ifá yẹn kò lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún òpin, nítorí kò gbà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ jẹ́ òpin.

Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí náà kò yadi. Bí iná mànàmáná bá lọ, wọn kì í sọ pé ó tán tàbí pé ó kú. Wọ́n ní "wọ́n ti mú un lọ", bí ẹni pé àwọn kan ni ó gbé e sápá tí wọ́n sì sá. Fóònù ní tirẹ̀ a máa kú, a sì máa jí lẹ́yìn tí wọ́n bá fi iná sí i, èyí tí ó mú kí kú di ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́jọ. Owó tí ó tán lápò ti gba orúkọ tuntun láti nǹkan bí ọdún 2020: sàpá ni wọ́n ń pè é, sàpá sì ti di ẹni. Ó ń mú ènìyàn, ó ń lé ènìyàn, ó ń bá ènìyàn sùn. Àwọn àgbà bínú sí ọ̀rọ̀ yìí pé kò ní ìdí. Ó yẹ kí wọ́n rántí pé àwọn bàbá tiwọn náà sọ ìṣẹ́ di ẹni tí ó ní ẹsẹ̀, wọ́n sọ ebi di ẹni tí ń wọ inú. Ọgbọ́n kan náà ni. Ẹnu ni ó yí padà. Àti "já pa" tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó já gaara tẹ́lẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ sọ di orúkọ fún kí ènìyàn fi ìlú sílẹ̀ nítorí pé ìrètí ti pin níbẹ̀: ní oṣù Kìn-ín-ní 2025 àwọn onímọ̀ ní Oxford fi í sínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń nà ọmọ sí ní Èkìtì wá di ẹni àpọ́nlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ni kí á pàtẹ́wọ́ fún. Ìṣòro ọ̀rọ̀ ìgboro ni pé ó sábà ń fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ mẹ́wàá. Ọmọ tí ó ń pe ìdánwò tí ó parí, oúnjẹ tí ó tán, ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ àti ìfẹ́ tí ó tútù ní "ó ti lọ" kò purọ́ nínú èyíkéyìí wọn, ṣùgbọ́n bí ó bá dé iwájú ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣòjòjò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn náà ni yóò wà lẹ́nu rẹ̀. Àgbà tí ó ní mẹ́wàá lápò yóò yọ èyí tí kò ní ya ẹnikẹ́ni lára.

Ohun mìíràn sì wà tí ó ń lọ láìsí ariwo, èyí ni ẹ̀ka-èdè tí àwọn àgbà wọ̀nyí fi ń sọ̀rọ̀ náà. Ará Èkìtì kì í sọ "ilé" nílé rẹ̀, "ulé" ni. Kì í jẹ "iṣu", "uṣu" ni ó ń jẹ. Arọ́pò-orúkọ rẹ̀ a máa bá fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe rìn: ó ní "ó kú", ṣùgbọ́n "ọ́ lọ" ni yóò wí, kì í ṣe "ó lọ". Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ nípa àǹkóò fáwẹ́lì yìí láti 1967, àwọn onímọ̀ èdè káàkiri àgbáyé sì ń tọ́ka sí Èkìtì nítorí rẹ̀. Ní kíláàsì tí ó wà ní ẹ̀bá ilé ọmọ náà, àṣìṣe ni wọ́n ń pè é. Olùkọ́ ń fi bírò pupa fa ìlà sí "ọ́ lọ", nítorí Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìwé ìdánwò ń béèrè. Kò ṣeé dá olùkọ́ lẹ́bi tán. Òun náà ní ọ̀gá tí ó ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ibi tí wọ́n ti fa ìlà yẹn ni ọmọ ti ń kọ́ pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kò ní láárí, òun àti gbogbo ọ̀nà tí ìyá àgbà mọ̀ láti fi sọ pé nǹkan kù, nǹkan parí, nǹkan papò dà.

Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ láti kíláàsì kìn-ín-ní títí dé ìkẹfà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú àwọn olùkọ́ Yorùbá dùn. Ìwé kò tíì tó, àwọn olùkọ́ tí wọ́n kọ́ fún un kò tíì tó, nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá 2025 tí ìjọba kan náà kéde pé àwọn ti pa á tì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí. Ọdún mẹ́ta péré. Bí wọ́n bá bi àgbà Ẹ̀fọ̀n kan léèrè pé irú òpin wo nìyí, ó lè ronú díẹ̀ kí ó tó dáhùn, nítorí kò parí, a kò sì lè wí pé ó tán, nígbà tí ó jẹ́ pé wọn kò bu ẹnu kàn án rárá.

Títí di ìgbà tí wọn yóò tún yí i padà, ọmọ Ìjerò náà yóò máa pè é ní "ulé" nígbà tí ìyá àgbà bá ránṣẹ́ pè é kí ó wá jẹun, "ilé" ni yóò máa kọ nínú ìwé iṣẹ́ Yorùbá rẹ̀ kí bírò pupa má baà kàn án, yóò sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pè é níwájú ẹni tí ó ń dán an wò.